Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ka GAA: èrò mi lórí iṣẹ́ àyẹ̀wò jíìnì kan

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Màá sọ ibi tí ẹyọ kan yẹn gbà lọ.

Ọmọkùnrin mi ni wọ́n yẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọsẹ̀ níbi tí kò sí òkúta, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí dókítà bá ní kó dúró kó di ojú, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ ò ta rárá.

Ibòmíràn la kọ́kọ́ lọ. Àyẹ̀wò exome, èyí tó wọ́n gógó yẹn, ni wọ́n ṣe fún un, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí i? Apá jíìnì tó ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe ń to purotéènì ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa ń kà. Inú intron àkọ́kọ́ jíìnì FXN, ìyẹn apá jíìnì tí kì í pàṣẹ purotéènì, ni ohun tó ń fa Friedreich's ataxia, àìsàn àjogúnbá tó ń ṣe ọmọ mi, wà ní ti ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní in, níbi tí lẹ́tà DNA mẹ́ta, GAA, ti ń tún ara wọn kọ léraléra. Láti 1996 làwọn onímọ̀ ti mọ èyí. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ òbí ọmọ tó ní irú àmì wọ̀nyí, ó yẹ kó sọ fún wọn pé àyẹ̀wò òun kì í ka GAA.

Ní láàbù kejì yìí, ohun tí obìnrin tó gbé fóònù kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ẹnikẹ́ni ti ka GAA ọmọ náà rí. Ọkàn mi balẹ̀ sí wọn látibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n gbà. Èsì wọn kò ju ojú ìwé méjì lọ: ẹ̀dà jíìnì náà kan ní GAA 680, èkejì 910. Ẹni tí kò ní nǹkan kan kì í sábà kọjá 33. Bó bá ti tó 66 sókè lórí ẹ̀dà méjèèjì, àìsàn náà ni. Àwòrán ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó rí bí eyín ayùn, tó ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sápá ọ̀tún.

Olùgbaninímọ̀ràn wọn gan-an ni mo fi ń yìn wọ́n. Ó ní, "Màmá, purotéènì ọmọ yín ò bàjẹ́ o, ó kéré jù ni." Frataxin lorúkọ rẹ̀. GAA tó pọ̀ jù ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ráyè ka jíìnì náà dáadáa. Nínú mitokọ́ńdríà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, purotéènì kan tó ń jẹ́ NFS1 á yọ imí-ọjọ́, frataxin á sì jẹ́ kó tètè dé ọwọ́ purotéènì mìíràn, ISCU, níbi tí wọ́n ti ń so ó pọ̀ mọ́ irin. Bí ìyẹn bá falẹ̀, iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn a máa jìyà, ọkàn náà a sì máa jìyà. Ó ní èmi àti bàbá rẹ̀, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí GAA rẹ̀ pọ̀ jù la gbé, bí ìdajì frataxin ló wà lára wa, ara wa sì le koko. N kò mọ̀ pé mo nílò kí ẹnì kan sọ ìyẹn fún mi.

Ó tún ní kí a má fi 680 yẹn ka ọdún fún ọmọ náà, torí iye GAA tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti inú ọkàn àti iṣan. Irú ọ̀rọ̀ pàtàkì báyìí ò sí nínú èsì! Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká lọ yẹ ọkàn àti ṣúgà ara rẹ̀ wò. Ìwé pélébé tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn sì tún ní kò sí oògùn kankan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fọwọ́ sí omaveloxolone ní Amẹ́ríkà láti 2023 fún ẹni ọdún 16 sókè. Lóòótọ́, kì í wo àìsàn náà sàn, ó kàn ń dín bó ṣe ń le sí i kù ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí mọ̀ pé ó wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ béèrè olùgbaninímọ̀ràn yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Kò sí lórí fọ́ọ̀mù, àfi kẹ́ ẹ fẹnu yín sọ ọ́.