NDA àbí Yunifásítì Ìjọba: Ẹ Yẹ Ipò Kìíní Wò Kí Ọmọ Yín Tó Kọ JAMB

Tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ń bi mí ní Bódìjà níbí: ṣé kí ọmọ lọ sí NDA, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná ni, àbí kó dúró sí UI, Yunifásítì Ìbàdàn tó wà nítòsí? Yunifásítì ìjọba ni èmi lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì du NDA. Mo ti rí tibí, mo ti rí tọ̀hún.

Ti owó kò gba àròyé. Ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà ọmọ NDA, ilé, oúnjẹ, aṣọ, wọ́n tún ń fún un lówó oṣooṣù. Ní UI, ẹ ó sanwó ilé-ìwé, bí kò bá sì rí ààyè nínú họ́ọ̀lù, ẹ ó gba yàrá fún un ní Àgbowó. Ẹ̀yáwó NELFUND, owó tí ìjọba ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ti mú un fúyẹ́ díẹ̀.

Ti àkókò, NDA ló borí. Ọdún 5 ni, 4 fún ìwé, 1 fún iṣẹ́ ológun. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gba oṣù 8 ní 2022; ti 2013 ká mi mọ́ yunifásítì tí mo wà, n kò gbàdúrà kó ká ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ààbò ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ 2021, àwọn agbébọn wọ ọgbà NDA ní Afaka, wọ́n pa ọ̀gá ológun 2. Ẹ fi sọ́kàn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gan-an ni fọ́ọ̀mù JAMB fúnra rẹ̀. Ilé-ìwé kan ṣoṣo ló lè wà ní ipò kìíní, ìyẹn ilé-ìwé tí ọmọ fẹ́ jù lọ. NDA ní ẹni tó bá fi àwọn síbẹ̀ làwọn fẹ́. UI náà, ẹni tó fi í síbẹ̀ ló ń pè wá ṣe post-UTME, ìyẹn àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB. Ẹ kò lè mú méjèèjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú NDA. Ó yege ìdánwò wọn, wọ́n sì pè é sí Kàdúná fún àyẹ̀wò àṣekágbá. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Dùgbẹ̀, ó ra ṣòkòtò péńpé búlúù àti síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tí kò ní àmì kankan lára, ó lọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sínú báàgì pẹ̀lú àwọn sátífíkéètì. Wọ́n á wo ojú, wọ́n á wo ẹsẹ̀, wọ́n á wọn gíga: mítà 1.68 fún ọkùnrin, 1.65 fún obìnrin. Ìpínlẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pín ààyè, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tirẹ̀ ló ń bá du ú.

Nígbà tí orúkọ jáde, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, àwọn tó wá pọ̀ ju ààyè lọ ni. Àmọ́ post-UTME ti kọjá. Lóòótọ́ JAMB ń gbà kéèyàn sanwó pààrọ̀ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ sí gbọ́dọ̀ ṣì máa gba ọmọ. Odidi ọdún kan lọ báyẹn. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò matirikuléṣọ̀n. Ó dùn mí wọra. NDA tún ní gbèdéke ọjọ́ orí, èèyàn kò lè máa gbìyànjú rẹ̀ títí.

Tó bá di ti iṣẹ́, ọmọ NDA jáde, ó ti di ọ̀gá ológun, owó oṣù ti ń wọlé, kò sí àgùnbánirọ̀. Àmọ́ kò lè kàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Àṣẹ ni yóò tọrọ.

Nítorí náà, ọmọ tó ti ń sọ láti kékeré pé sójà lòun máa ṣe, tára rẹ̀ dá ṣáṣá, NDA ni tirẹ̀, ẹ má dí i lọ́nà. Bó bá jẹ́ pé nítorí ọ̀fẹ́ ni ẹ̀yin òbí ṣe ń tì í, ẹ rò ó dáadáa. Dókítà tàbí ẹnjiníà tó jáde ní UI ṣì lè gba Short Service, ọ̀nà tí ẹni tó ti gboyè fi ń di ọ̀gá ológun láì lọ NDA, wọ iṣẹ́ ológun, bí ọjọ́ orí kò bá tíì kọjá. Ọmọ tó wá rí i ní ọdún kẹta ní Kàdúná pé ìṣègùn lòun ń fẹ́, JAMB ni yóò padà lọ kọ.