Bí wọ́n ṣe dí EGR jíìpù mi ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìkòròdú

Ọgbà mẹkáníìkì kan wà lójú ọ̀nà Ṣágámù ní Ìkòròdú tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá ni mo gbé Prado tòkúnbọ̀ mi, èyí tí ẹ́ńjìnnì lítà 3 wà nínú rẹ̀, lọ bá wọn, nítorí pé láti bí oṣù mẹ́ta ni ọkọ̀ náà kò ti lágbára mọ́. Bí mo bá fẹ́ sáré kọjá lára tírélà lójú ọ̀nà Ìtóìkín, tí mo tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀, yóò kàn máa kùn ni, èéfín dúdú yóò sì bo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kí n lọ dí EGR rẹ̀ pa, ìyẹn fáàfù kan tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, pé jíìpù náà yóò máa fò. Dídí náà ni mo torí rẹ̀ lọ. Ohun mìíràn ni wọ́n fi wo ọkọ̀ mi sàn.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kò mú sípánà títí ó fi ṣàlàyé iṣẹ́ tí EGR ń ṣe fún mi. Fáàfù ni, tí ó ń dá díẹ̀ nínú èéfín tó yẹ kó gba sàìlẹ́ńsà jáde padà sínú afẹ́fẹ́ tuntun tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ fà, kí ooru ibi tí epo ti ń jó lè dín kù, nítorí pé inú ooru tó ga jù ni náítírójìn àti ọ́síjìn ti ń para pọ̀ di gáàsì olóró tí a ń pè ní NOx. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá fúyẹ́ lórí tọ́rọ́tù ló máa ń ṣí jù, irú èyí tí a ń ṣe nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Mile 12 láràárọ̀. Bí a bá ti tẹ tọ́rọ́tù dé ìsàlẹ̀, ó yẹ kó pa ara rẹ̀ dé. Mo wá bi í pé bí ó bá jẹ́ pé ó ń pa dé fúnra rẹ̀ nígbà tí mo nílò agbára, agbára wo ni dídí rẹ̀ yóò tún fi kún un? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tú u ná.”

Ìgbà tí wọ́n tú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ ni ojú mi là. Ihò tó yẹ kó gba ìka mẹ́ta pọ̀ ti fún débi pé ọmọńdinrín mi nìkan ló wọ̀ ọ́. Èéfín ti pò mọ́ oru ọ́ìlì tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì wá, ó ti dì mọ́ irin bí ọ̀dà tí oòrùn kò lè yọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan fi síkúrú-dírábà họ ọ́ sórí ìwé ìròyìn, ó kún àgolo mílíìkì kan dáadáa. Ohun tó tiẹ̀ burú jù ni pé fáàfù náà ti há ní ṣíṣí, kò lè pa dé mọ́, tó fi jẹ́ pé èéfín ni ẹ́ńjìnnì mi ń fà símú nígbà tí mo bá ní kó sáré. Wọ́n rẹ gbogbo rẹ̀ sínú pẹtiróòlù mọ́jú, wọ́n sì fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán.

Níbẹ̀ ni ọ̀gá náà ti sọ pé fáàfù náà ti mọ́, ó ti ń ṣí, ó ti ń pa dé, n kò nílò láti dí i mọ́. Mo yìn ín fún èyí, nítorí owó ara rẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù. Èmi ni mo ṣe orí kunkun. Wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣe àwòrán, wọ́n gé irin tó nípọn tó mìlímítà 3 láti fi dí ọ̀nà tí èéfín ń gbà padà wọlé, wọ́n fi fáìlì dán etí rẹ̀, wọ́n sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀sùn mi kan ṣoṣo rèé. Lọ́jọ́ kẹta, iná ẹ́ńjìnnì tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà sì gbé kóòdù P0401 jáde, tó túmọ̀ sí pé èéfín tó ń padà wọlé kò tó. Ó yẹ kí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọpọlọ ọkọ̀ náà yóò máa retí èéfín yẹn. Mo padà lọ, wọ́n lu ihò mìlímítà 8 sáàárín irin náà, iná náà sì kú, ṣùgbọ́n orí táyà ni mo jókòó sí láti àárọ̀ di ọ̀sán, nítorí wọn kò ní àga.

₦85,000 ni mo san, ₦10,000 péré nínú rẹ̀ sì ni ti irin náà. Èéfín dúdú ti lọ, tírélà kò sì lè dá mi dúró mọ́, ṣùgbọ́n ₦75,000 ìfọ̀ ló ṣe é. Ní ti epo, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ohun tí irin náà fi kún un ni NOx tí mo ń tú sójú àwọn tó dúró de ọkọ̀ ní Mile 12. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti yọ EGR rẹ̀ kò ní yege àyẹ̀wò ọdọọdún MOT.

Ẹni tí dísẹ̀lì rẹ̀ bá ń kùn bíi tèmi lè gbé e lọ bá wọn láìfòyà, kó sì ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ nìkan. Mo ti bèèrè iye tí wọn yóò gbà láti yọ irin tèmi kúrò: gásíkẹ́ẹ̀tì méjì àti ₦5,000 owó iṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni a jọ fi sí, n ó sì gbé àga dání.