Kápúsù epo ẹja 1000: ẹ wo ẹ̀yìn ike kí ẹ tó sanwó

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà-gadagba síwájú ike ló ń ṣi oníbàárà lọ́nà. Mílígíráàmù 1000 yẹn, gbogbo epo tó wà nínú hóró kan ni. Ẹ yí ike náà padà, ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn: EPA 180, DHA 120. Àwọn méjèèjì yìí ni omega-3, ọ̀rá tó ń ṣe ara lóore, tí ẹ torí rẹ̀ wá sí kẹ́místì; àpapọ̀ wọn ò ju 300 lọ. Ẹ tún ṣọ́ra o, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ro hóró méjì pọ̀ kí nọ́ńbà lè pọ̀ lójú.

Ṣé 300 tó? Ó tó fún ẹni tí kì í jẹ ẹja. EFSA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù, ní mílígíráàmù 250 EPA àti DHA lóòjọ́ tó fún àgbàlagbà. Ọ̀rá kòṣeémàní méjì ni ara ò lè dá ṣe: linoleic acid, tó jẹ́ omega-6, àti alpha-linolenic acid, tó jẹ́ omega-3. Òróró ẹ̀pà ń fún wa ní ti àkọ́kọ́ dáadáa. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìkejì rárá. Bí a tilẹ̀ rí ìkejì jẹ, díẹ̀ bíńtín lára ń sọ di EPA àti DHA. DHA yìí sì ni ọpọlọ àti ẹyinjú ń lò.

Ibi tí kápúsù yìí ti ń jáni kulẹ̀ ni pé ó tètè ń bàjẹ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún hóró kan, ẹ tẹ epo rẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó dára ń rùn bí ẹja, ṣùgbọ́n kò le. Bó bá ta yín nímú bí ọ̀dà, tàbí bí òróró tí wọ́n ti fi din àkàrà láìmọye ìgbà, ẹ dà á nù. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́, nítorí náà ẹ má ra èyí tí wọ́n pàtẹ sínú oòrùn, bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jìnnà. Èyí tó ní òórùn ọsàn lè tan imú jẹ.

Ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá. Ara á gbà á dáadáa, gùfẹ̀ ẹja á sì dínkù.

Àmọ́ ẹni tó ń jẹ ẹja Titus lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó fi owó kápúsù ra ẹja sí i. Gíráàmù 100 Titus sísè ní ju gíráàmù kan omega-3 lọ, ìyẹn ju hóró mẹ́ta lọ. Ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án. Bí ẹ bá dín in, lára ọ̀rá rẹ̀ á ṣẹ́kù sínú òróró.

Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà kó tó gbé kápúsù yìí mì. Kí aláboyún má sì fi cod liver oil, ìyẹn epo inú ẹ̀dọ̀ ẹja, rọ́pò rẹ̀: vitamin A inú rẹ̀ lè pa ọmọ inú lára.