Fọmasíọ̀n Sátidé lórí ọmọ kékeré l'Ájàṣẹ́: ẹ lọ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa fọmasíọ̀n Sátidé tí wọ́n ń ṣe lápá Ouando fún àwa tá à ń tọ́jú ọmọ ní matẹ́nẹ̀ẹ̀lì (jẹ́lé-ó-sinmi) àti kréèṣì (ibi ìtọ́jú ọmọ ọwọ́), ẹ lọ jàre. Ìtàn bí àwọn oníṣẹ́ psychanalyse, àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ wá ohun tó pa mọ́ lọ́kàn èèyàn, ṣe ń ronú nípa ọmọ kékeré ni wọ́n fi ń kọ́ni, látorí Freud, dókítà Vienna tó dá a sílẹ̀, títí dórí Bowlby, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ nípa bí ọmọ ṣe ń dì mọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, owó tí wọ́n sì ń gbà ò ga.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé màámá tó ń kọ́ wa ò sọ ọ́ di òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ, á kọ́kọ́ bi wá pé: ta lẹni yìí wò kó tó sọ̀rọ̀, ṣé ọmọ ni àbí àgbà? Ìbéèrè yẹn là mí lójú gan-an. Torí Freud tó kọ ọ́ ní 1905 pé ẹnu lọmọ á kọ́kọ́ fi gbádùn ayé, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbàlagbà tó ń tọ́jú ní Vienna ló fi ṣe ẹ̀rí jù, Hans kékeré tó kọ nípa ẹ̀ ní 1909 pàápàá, bàbá ọmọ yẹn ló ń ròyìn ẹ̀ fún un. Àmọ́ màámá fi ibi tí Freud ti fojú ara ẹ̀ wo ọmọ hàn wá. Ó mú igi kékeré tí aránṣọ fi ń wé òwú, ó jù ú sẹ́yìn àga, ó ní "o-o-o-o", ó fa okùn tí wọ́n so mọ́ ọn, igi yọ padà, ó pariwo ayọ̀. Eré ọmọ-ọmọ Freud nìyẹn, ọmọ ọdún kan ààbọ̀, Freud sì kọ ọ́ ní 1920 pé bí ìyá ẹ̀ ṣe ń jáde tó ń padà lọmọ náà ń fi ṣeré. Ọmọ tó ń ju nǹkan sílẹ̀ tó ń ní ká bá òun mú un, àwa máa ń bínú sí i ni!

Ìjà Melanie Klein àti Anna ọmọ Freud, tí àwọn méjèèjì ń fi psychanalyse tọ́jú ọmọ, ló gbóná jù. Klein ń kó ohun ìṣeré wẹ́wẹ́ sórí tábìlì kúkúrú, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀ tiẹ̀ tí wọ́n ń tì pa, nínú eré yẹn ló ti ń mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ. Anna ní rárá o, èyí ti pọ̀ jù fún ọmọ. Násì lé Anna àti bàbá ẹ̀ kúrò ní Vienna ní 1938, wọ́n bá Klein ní London, ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ psychanalyse lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ Anna ló wúlò jù fún wa: ní 1941 òun àti Dorothy Burlingham ṣí ilé fáwọn ọmọ tógun dà láàmú, nígbà tó yá wọ́n pín wọn sí ìdílé-ìdílé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ni tó máa dì mọ́. Kréèṣì mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí?

Àléébù wà o. Wọ́n sáré kọjá Winnicott, dókítà àwọn ọmọdé tó ní ìyá ò ní láti pé, kó ṣáà ṣe é tó. Èyí tó dùn mí jù ni ti Mary Ainsworth tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, tó lọ sí Uganda ní 1954, tó ń lọ bá àwọn ìyá nílé wọn lábúlé nítòsí Kampala, tó rí i pé ọmọ lè dì mọ́ ìyá ẹ̀ kó tún dì mọ́ bàbá àti ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an nìyẹn, àwa tí ìyá àgbà àti àǹtí ń pọ̀n ọmọ, ó yẹ kí wọ́n fi odindi Sátidé kan sọ ọ́. Faransé nìkan ni wọ́n sì ń sọ, èmi ni mo ń túmọ̀ fún màmá kan tó ti Kétu wá.

Fótókópì wọn ò hàn dáadáa, ẹ mú ìwé àti bíìrò dání.