Kẹ́ẹ̀gì búlúù onílítà 60 fún omi ẹja: ó dára, àmọ́ ẹ̀rọ omi (táàpù) ẹnu rẹ̀ kò dára

Ẹja discus ni mò ń sìn nílé wa ní Ṣàgámù. Ẹni tó bá mọ ẹja yìí á ti mọ ibi tí wàhálà wà. Odò Amazon ni ilé rẹ̀, omi tí kò le rárá, ìyẹn omi tí èròjà bí ẹfun ò pọ̀ nínú rẹ̀, ló mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa níbí. Ẹ fi omi bóòrùhóòlù se tíì fúngbà díẹ̀, kí ẹ wá yẹ inú kẹ́tù yín wò, ẹ ó rí ẹfun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀rọ RO, èyí tó ń sẹ́ omi títí èròjà inú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sun omi, bí kò bá sì síná, kò ní sun rárá. Àfi kí omi máa wà nípamọ́.

Kí n tó sanwó kẹ́ẹ̀gì yìí, mo dojú rẹ̀ dé, mo wá nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta tó wà ní ìdí rẹ̀. 2 ni, ìyẹn irú rọ́bà tí wọ́n ń pè ní HDPE. Mo tún ki imú bọ inú rẹ̀, kò rùn. Ìyá tó ń tajà ń wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ ò pé. Tòkúnbọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dínwó gan-an o, ṣùgbọ́n òórùn kẹ́míkà ṣì ń jáde níbẹ̀, ta ló sì mọ ohun tó ti gbé rí? Ẹ má rà á fún ẹja, ẹ má rà á fún èèyàn náà.

Mítà TDS mi, èyí tó ń wọn èròjà tó yọ́ sínú omi, ka 6 nígbà tí mo da omi sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 7. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọ̀ rẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀, mo sì gbé e síbi òjìji. Kẹ́ẹ̀gì funfun tí aládùúgbò mi gbé sẹ́yìnkùlé ti di aláwọ̀ ewé, inú rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ọmọrí tèmi le pinpin, tanwíjí ò ríbi wọlé. Omi RO kò ní kọlorínì tí yóò pa kòkòrò, nítorí náà ọmọrí kì í ṣe ohun à ń fojú di.

Ẹ̀rọ ẹnu rẹ̀ ló bà á jẹ́. Wáṣà inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń kán tó, tó, tó lóru títí ilẹ̀ fi rin. Púlọ́mbà ní ká fi onídẹ sí i, mo ní rárá o. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú báyìí máa ń jẹ irin, bàbà inú idẹ náà á wá bọ́ sínú omi. Bẹ́ẹ̀, bàbà kì í dá edé sí, kò sì bá ẹja náà lára mu. Onírọ́bà tó nípọn la padà lò.

Ẹ má bu omi yìí látinú kẹ́ẹ̀gì sínú àpótí ẹja tààrà. Bó bá pẹ́ nípamọ́, á fa gáàsì carbon dioxide mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, pH rẹ̀ á wálẹ̀, ìyẹn ni pé omi náà á máa kan, kò sì sí iyọ̀ kankan tí yóò gbé e ró. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń po iyọ̀ mineral mọ́ ọn, màá fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i di ọjọ́ kejì, màá sì jẹ́ kó gbóná tó 28°C.

Fínígà funfun ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọṣẹ. Bó bá kún, kílò 60 ni omi inú rẹ̀ nìkan, ẹ gbé e ka búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe orí tábìlì onípákó. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà á, ẹ bèèrè iye tí wọ́n máa gbà bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ̀rọ ẹnu rẹ̀.