Ọ̀sẹ̀ méje kí n tó gba láísẹ́ńsì mi padà: àgbéyẹ̀wò kíláàsì àwọn tó mutí wakọ̀

Mo ti ṣèlérí fún àwọn èèyàn mi ní gáréèjì Adó-Èkìtì pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Kíláàsì tí ìjọba ìpínlẹ̀ New York ń fi àwọn tó bá mutí wakọ̀ sí kí wọ́n tó tún lè fọwọ́ kan ọkọ̀, èmi fúnra mi ṣe é. Mo ti padà sílé báyìí, ṣùgbọ́n n kì í gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lálẹ́ kí n má rántí rẹ̀.

Ìkómọ ni mo lọ ní Brooklyn. Mo mu, mo jẹun yó, ara mi le. Ọlọ́pàá dá mi dúró, wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, ó gbé 0.07 jáde, ìyẹn ìwọ̀n ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Tó bá ti kọjá 0.05 ni wọ́n ti ń mú èèyàn níbẹ̀. Tó bá dé 0.08, ẹjọ́ ọ̀daràn gan-an nìyẹn. Wọ́n gba láísẹ́ńsì mi fún 90 ọjọ́. Iṣẹ́ takisí ni mò ń ṣe, ọmọ mẹ́ta sì wà nílé.

Mo san $75 fún ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kí n tó forúkọ sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa sì gba tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méje, wákàtí 16 lápapọ̀. Ẹni tó bá ti wọ kíláàsì lè gba láísẹ́ńsì tó ní ààlà: ibi iṣẹ́, kíláàsì, ilé ìwòsàn, àti wákàtí mẹ́ta ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún nǹkan tara ẹni. Bí o bá pa kíláàsì jẹ, wọ́n á gbà á padà. Kò sì gbà kéèyàn fi wa takisí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ilé ìkẹ́rù ni mo ti lọ ń gbé páálí.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, inú ń bí mi. Olùkọ́ wa, obìnrin tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, gbé jọ́ọ̀gì omi sílẹ̀, ó pín ife fún wa, ó ní kí kálukú bu omi náà bí ẹni ń bu ọtí, ìwọ̀n tó ń pè ní ẹyọ kan. Mo bu tèmi bí bàbá mi ṣe máa ń bu ẹmu fún àlejò ní Ìkẹ́rẹ́, ó kún dẹ́nu. Ó da omi mi sínú ife ìwọ̀n, díẹ̀díẹ̀, ó ń kà á. Ó ní, "Ká ní wísìkì ni, ẹyọ mẹ́fà lo bu yìí."

Ẹnu mi wọhò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé ife méjì péré ni mo mu, mi ò sì purọ́ fún un. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ife kan ni.

Nítorí alẹ́ yẹn nìkan, màá ní kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe é. Wọ́n kọ́ wa pé ara máa ń lò tó wákàtí kan kó tó pa ẹyọ ọtí kan rẹ́. Kọfí kò mú un yá, omi tútù kò mú un yá. Ìgò bíà 60cl tiwa níbí, tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 5%, ó ju ẹyọ kan àtààbọ̀ lọ. Ẹ wá fi ìgò mẹ́ta ro ó.

Àléébù rẹ̀ wà o. Alẹ́ méjì ni wọ́n kàn fi fídíò gbígbó hàn wá. Bí o bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò ní kọ orúkọ rẹ, bí yìnyín tilẹ̀ dí ọ̀nà. Ẹni tí ọtí sì ti di àìsàn sí lára, ọ̀sẹ̀ méje kò lè wò ó sàn. Wọ́n ní kí ọkùnrin kan láàárín wa lọ rí àwọn olùtọ́jú, inú mi dùn pé wọ́n tètè rí i.

Nínú ìwé ìtanràn FRSC lọ́dọ̀ tiwa, ₦5,000 ni fún ẹni tó bá mutí wakọ̀. Ẹ jẹ́ kí owó náà wà, ṣùgbọ́n ẹ fi kíláàsì kún un, kí ẹni náà má sì rí láísẹ́ńsì rẹ̀ títí yóò fi jókòó níbẹ̀. Ẹni tó san owó kò tíì mọ ohun tó mu.

Àbúrò mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Adó lọ sí Akúrẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbóòórùn paraga lẹ́nu rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹyọ kan péré ni." Mo lọ bá ìyá tó ń ta á, mo tọrọ ife tó fi ń wọ̀n, mo bu omi kún un, mo dà á sínú ife ìwọ̀n tí mo kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà, èyí tí mo fi báírò fàlà sí níbi tí ẹyọ kan wísìkì mọ. Omi náà kọjá ìlà yẹn dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn ò kọ agbára paraga sára ìgò kankan.

Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé èrò àárọ̀ yẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wá yá ife náà lọ́wọ́ mi. Ó ti lé lóṣù kan báyìí, mi ò sì béèrè é.