Fílítà tuntun fún Corolla mi, láti ìsọ̀ Ìjẹ̀ṣà ní Sábó

Iṣẹ́ oúnjẹ àríyá ni mo ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀, inú Corolla 2010 mi sì ni gbogbo ẹrù ń wọ̀: kúlà ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, irú, edé, ẹja gbígbẹ. Bí òde bá bọ́ sí Iléṣà, òun náà la máa gbé gba Òṣú kọjá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ AC kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lọ́dọ̀ tèmi. Ó dé ibì kan tó jẹ́ pé bí mo bá ti tàn án, òórùn irú ló máa kọ́kọ́ kí ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, afẹ́fẹ́ gan-an kò sì fẹ́ jáde.

Ẹni tó ń bá wa ṣe AC ní gáàsì ló tán. Mo ní ṣé gáàsì ló wá ń rùn bí irú ni? Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dárúkọ iye tí màá san.

Fílítà méjì ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Ọ̀kan ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà sínú, èyí ni gbogbo mẹkáníìkì mọ̀. Èkejì wà lẹ́yìn pigeonhole, ó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí àwa tá a jókòó sínú ọkọ̀ ń mí símú. Èyí gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo fa tèmi jáde, ó dúdú, ó le gbagidi, ewé gbígbẹ àti ìyẹ́ adìyẹ wà lára rẹ̀, bí asẹ́ ògì tí wọn ò fọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ibo ni ìyẹ́ adìyẹ ti rí ọ̀nà wọbẹ̀? Ẹ má bi mí.

Sábó ni mo ti ra méjèèjì. Ìsọ̀ náà kò ní pátákó, ẹ ṣáà béèrè Ìjẹ̀ṣà tó ń ta fílítà àti plọ́ọ̀gì. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò bá mi sọ̀rọ̀ owó rárá títí ó fi rí fílítà àtijọ́ tí mo dì sínú láílọ́ọ̀nù. "Mummy, bí n kò bá rí ti tẹ́lẹ̀, n kò ní tà á fún yín. Ẹ máa padà wá bá mi jà ni." Ó já páálí lójú mi, ó gbé tuntun lé àtijọ́ lórí, ó sì fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká. Àwọn ìsọ̀ mìíràn tí mo ti yà sí kì í jẹ́ kéèyàn ṣí páálí kó tó sanwó.

Oríṣi mẹ́ta ló gbé kalẹ̀ fún ti ẹ́ńjìnì: ₦4,000, ₦7,500, àti ọ̀kan tó ní ojúlówó ni, ₦15,000. Mo fọwọ́ tẹ rọ́bà etí wọn. Ti ₦4,000 le bí ike, ìṣẹ́po bébà rẹ̀ sì jìnnà síra. Rọ́bà yẹn sì ni iṣẹ́ fílítà gan-an. Bí kò bá rọ̀ débi tó máa jókòó wọ́n-ín sínú àpótí rẹ̀, eruku á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé láìfọwọ́ kan bébà, á lọ lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ń pè ní MAF, ìyókù á wọ inú ẹ́ńjìnì lọ máa họ ọ́. Fílítà àtijọ́ tó dọ̀tí tó sì jókòó dáadáa sàn ju tuntun bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ₦7,500 rọ̀, ìṣẹ́po rẹ̀ súnmọ́ra, ó sì bá àtijọ́ mu régé. Òun ni mo gbé. Ti ₦15,000 lè dára jù ú lọ o, ṣùgbọ́n mo wò ó títí, n kò rí ohun tí ₦7,500 tó lé lórí rẹ̀ ń ṣe.

Ibi tí n kò ti gbà fún Ìjẹ̀ṣà náà ni ìgbà tó ní bí mo bá ti pààrọ̀ fílítà, epo tí mò ń rà máa dín kù gidigidi. Ọjà ló ń tà, mo mọ̀. Àmọ́ ní 2009, Oak Ridge National Laboratory ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì rí i pé nínú ọkọ̀ òde òní tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, fílítà tó dí kò fi bẹ́ẹ̀ mú kó jẹ epo sí i. Agbára àtisáré ló máa ń dín kù. Àwọn ọkọ̀ oníkabúrétọ̀, irú Peugeot 504 ayé bàbá wa, ni fílítà dídí máa ń mú jẹ epo. Èmi náà kò rí ìyàtọ̀ kankan nílé epo. Ohun tí mo rí ni pé bí kúlà bá kún bọ́ọ̀tù, tí mo sì ń gun òkè, ọkọ̀ kì í lọ́ra mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àpótí ike dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Pín-ìn-nì irin méjì ló dì í mú, ọwọ́ lásán la fi ń ṣí wọn. Ẹ gbé ìdérí sókè díẹ̀, ẹ má fa wáyà tó wà lára rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu ìsàlẹ̀ àpótí náà kẹ́ ẹ tó gbé tuntun sí i. Mẹkáníìkì kan fẹ́ gba ₦5,000 lọ́wọ́ mi fún èyí nìkan! Ẹ má sì gbé bébà lọ fún vulcanizer kó fi kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Agbára afẹ́fẹ́ yẹn máa ń ya á níbi tójú ò tó. Fífọ̀ lómi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ẹ̀yìn pigeonhole ló gba sùúrù. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò (tèmi kún fún síbí àti bébà ìnuwọ́), ẹ yọ ọ̀pá kékeré tó so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú, á sì já wálẹ̀. Ìdérí pẹlẹbẹ kan lẹ máa rí. Ẹ tẹ etí rẹ̀, ẹ fà á, fílítà wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ UP sára tuntun pẹ̀lú ọfà, òkè ni kí ọfà náà kọjú sí. Ọmọ mi ló ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi, òun ló sì rí ọfà náà.

Funfun wà ní ₦5,000, èyí tó ní èédú nínú jẹ́ ₦6,500. Nítorí irú, eléèédú ni mo rà, torí èédú yẹn máa ń gba òórùn mọ́ra. Afẹ́fẹ́ ń tú jáde báyìí débi pé mo ní láti dín in kù, gáàsì tí wọ́n ní ó tán sì wà níbẹ̀ tó ń tutù. Òórùn náà dín kù gan-an, àmọ́ kò tán, àfìgbà tí mo fọ kápẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀tù. Etí fílítà eléèédú náà kan gùn díẹ̀ ju àyè lọ, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ní iye yẹn, ó yẹ kó wọlé láìjà.

Àléébù ìsọ̀ náà: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè rìsíìtì kó tó wá a, POS rẹ̀ kì í sábà ní nẹ́tíwọ̀kì, kò sì sí àwìn níbẹ̀. Ọmọ òṣómàáàlò ni, kí la fẹ́ ṣe? Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, màá tún ṣí àpótí ẹ́ńjìnì wò, torí eruku ọ̀nà wa kì í dúró de iye kìlómítà tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀. Tó bá ti dí, ti ₦7,500 yẹn náà ni màá tún rà.